Bí A Ṣe Ń Yan Inṣọ́ránsì fún Ọmọ Ajá Oníwèé Ìran ní Ìlú Ọba

Àwọn àgbà ní bí a bá perí ajá, ká perí ìkòkò tí a ó fi sè é. Ní Ìlú Ọba, níbi tí ajá ti di ọmọ inú ilé, ìkòkò tó yẹ ká perí ni owó dókítà. Kò sí NHS fún ajá. Bí ajá bá kán lẹ́sẹ̀ lálẹ́ Sátidé, owó àyẹ̀wò, owó X-ray, owó iṣẹ́ abẹ, owó oògùn àti àlékún tí wọ́n ń gbà nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú, alájá ni yóò san gbogbo rẹ̀. CMA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń bá ara wọn díje, rí i pé owó dókítà ẹran ọ̀sìn fi ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra sókè láàárín ọdún 2016 sí 2023. Lọ́dún 2023 yìí kan náà, owó tí àwọn ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì san lórí ìtọ́jú ẹran ilé ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi inṣọ́ránsì ajá wé ti mọ́tò, wọn kì í sì í mọ̀ pé wọn kò jọra títí ọwọ́ yóò fi bọ́. Ti mọ́tò, ẹ lè fi ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ bá èyí tó dín owó lọ. Ti ajá, àìsàn yòówù tí dókítà bá ti kọ sínú ìwé ajá náà, ilé iṣẹ́ tuntun yóò kà á sí àìsàn àtẹ̀yìnwá, wọn kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ajá tí ara ń yún ní ọmọ oṣù 10 lè máà rí ilé iṣẹ́ mìíràn tí yóò gba ẹrù ara yíyún náà ní ọmọ ọdún 4. Nítorí náà, ìwé tí ẹ bá gbà nígbà tí ọmọ ajá wà ní ọ̀sẹ̀ 8, tí ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ṣì funfun báláú, ló ṣeé ṣe kí ẹ bá rìn fún ọdún 10 tàbí 12. Ẹ yàn án bí ẹni ń yan ilé tí yóò gbé, ẹ má yàn án bí ẹni ń ra káàdì fóònù.

Irú ajá ló ń sọ irú inṣọ́ránsì

Ìwé ìran kì í ṣe ìwé ìlera. Ohun tí ìwé Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìran ajá, ń sọ ni pé irú kan náà ni bàbá àti ìyá ajá yẹn, pé orúkọ wọn sì wà ní àkọsílẹ̀. Kò sọ pé ara wọn le. Irú kọ̀ọ̀kan ló ní àrùn tó ń bá ìdílé rẹ̀ rìn, àwọn ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì sì mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Ìdí nìyẹn tí owó oṣooṣù French Bulldog fi máa ń ga ju ti Labrador lọ, tí ti Labrador náà sì máa ń ga ju ti ajá àmúlùmálà lọ.

Ẹ wò ó báyìí: àrùn ajá pín sí méjì bó bá di ọ̀rọ̀ owó. Èkíní ni èyí tó ń bọ́ lójijì bí àrá, tó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Dachshund ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè yọ, kó tẹ iṣan, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kú tipiri láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwòrán MRI, iṣẹ́ abẹ àti ibùsùn ní ilé ìwòsàn àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lè kọjá £5,000 kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èkejì ni èyí tó ń kán tótó bí omi òrùlé, tí kò pọ̀ lóṣù kan ṣùgbọ́n tí kì í dáwọ́ dúró. West Highland White Terrier (tí wọ́n ń pè ní Westie) àti ara yíyún rẹ̀ nìyẹn, àti Cavalier King Charles Spaniel tí ọkàn rẹ̀ máa ń ní fáàfù tí kì í pa dé dáadáa bó ṣe ń dàgbà, tí yóò sì máa lo oògùn títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹni tó ra Dachshund, iye gíga jù lọ tí ilé iṣẹ́ lè san lọ́dún kan ni kó kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ra Westie tàbí Cavalier, bóyá owó náà ń tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún ni kó wò. French Bulldog, Pug àti Bulldog burú níhà méjèèjì: imú wọn pẹlẹbẹ, ọ̀nà èémí wọn há, awọ ara wọn ní ìpàdé tó ń dá egbò, etí wọn ń ṣòroó tọ́jú. Ìṣòro èémí yìí ni wọ́n ń pè ní BOAS. Ẹ wá lẹ́tà mẹ́rin yìí nínú ìwé inṣọ́ránsì kí ẹ tó fọwọ́ sí i, nítorí àwọn kan kì í san owó iṣẹ́ abẹ rẹ̀, àwọn mìíràn sì ní gbèdéke owó tí wọn kì í kọjá lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó ajá ni kí ẹ béèrè àyẹ̀wò àwọn òbí rẹ̀. Fún àwọn onímú pẹlẹbẹ mẹ́ta yẹn, Kennel Club àti Yunifásítì Cambridge ní ètò tí wọ́n fi ń gbọ́ èémí ajá lẹ́yìn eré díẹ̀, tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì 0 sí 3. Òdo ló dára jù. Ajá tó gba 3 kò yẹ kó bímọ rárá. Fún Labrador, Golden Retriever àti German Shepherd, ẹ béèrè máàkì ìbàdí àti ti ìgbọ̀nwọ́. Ìbàdí kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 53, àpapọ̀ méjèèjì kò lè kọjá 106, bó bá sì ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ìgbọ̀nwọ́ ń gba 0 sí 3. Ẹni tó sin ajá tó bá ní “ara wọn le, mo mọ̀ wọ́n” láìní ìwé lọ́wọ́, owó tó yẹ kó ná sórí àyẹ̀wò ló fẹ́ kí ẹ wá ná sórí ìtọ́jú.

Ọ̀nà mẹ́rin, àìsàn kan

Oríṣi mẹ́rin ni inṣọ́ránsì ajá tó wà lọ́jà. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú ìwé ni accident only, time limited, maximum benefit àti lifetime. Ẹ jẹ́ ká fi àìsàn kan ṣoṣo wọn gbogbo wọn. Ká ní Westie kan bẹ̀rẹ̀ ara yíyún ní ọmọ ọdún kan àti oṣù méjì, kí abẹ́rẹ́ tàbí oògùn rẹ̀ máa jẹ́ £90 lóṣù, kó sì gbé ọdún 10 sí i láyé. £10,800 nìyẹn.

Accident only kò ní san nǹkan kan, nítorí ara yíyún kì í ṣe jàǹbá. Mọ́tò tó gbá ajá tàbí egungun tó kọ́ ọ lọ́fun ni tirẹ̀.

Time limited yóò san fún oṣù 12, yóò sì ti ìlẹ̀kùn. Ẹ kíyè sí ibi tí oṣù 12 yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí àmì àìsàn kọ́kọ́ hàn tàbí tí dókítà kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni, kì í ṣe ọjọ́ tí ìtọ́jú gidi bẹ̀rẹ̀. Ajá tó tiro ní oṣù kìíní, tí wọ́n fún ní oògùn ìrora, tó wá nílò iṣẹ́ abẹ ní oṣù kẹtàlá, alájá ni yóò san owó iṣẹ́ abẹ yẹn. Bí ilé iṣẹ́ bá ti san fún àìsàn náà tán, kò sí ẹni tó tún ń san án mọ́, ibi tí ẹ wà àti ibi tí ẹ bá tún lọ.

Maximum benefit kò ní gbèdéke ọjọ́, iye owó ló ní fún àìsàn kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ £4,000, Westie wa yóò jẹ ẹ́ tán láàárín ọdún mẹ́rin, yóò sì ku ọdún mẹ́fà tí ẹ ó máa fi ọwọ́ ara yín san. Oríṣi yìí kò burú fún ajá tí àrùn ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Lifetime ni iye rẹ̀ ń tún bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ ìwé náà dọ̀tun. Bí gbèdéke owó rẹ̀ bá jẹ́ £7,000 lọ́dún, £1,080 tí Westie ń ná lọ́dún kò ní mì ín rárá. Owó tí ẹ máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀ lọ́dọọdún nìkan ni yóò máa jáde lápò yín. Bó bá jẹ́ £100, £1,000 péré ni fún ọdún 10. Òun ló wọ́n jù lóṣooṣù. Fún ajá oníwèé ìran, èrò wa ni pé òun ló tọ́, bí ọwọ́ bá lè tó o.

Ṣùgbọ́n lifetime náà pín sí méjì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọ̀kan ní £7,000 fún àìsàn kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Èkejì ní £7,000 fún gbogbo àìsàn pọ̀ lọ́dún. Ajá tí orúnkún rẹ̀ já tí etí rẹ̀ sì ń ṣọyún lọ́dún kan náà yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn yín. Ẹ tún wo àwọn gbèdéke owó kékeré tó fara pamọ́ sí inú: ìwé lè kọ £10,000 gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́, kó wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sí ojú ewé 14 pé MRI kò ní ju £1,000 lọ, tàbí pé iṣan orúnkún kò ní ju £2,000. Fún Dachshund, French Bulldog àti àwọn ajá ńlá, a kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lọ sísàlẹ̀ £7,000. Èyí tó ń pariwo “lifetime” pẹ̀lú £2,000 lọ́dún, orúkọ ló fi jọ ẹgbẹ́.

Lifetime kò sọ pé owó oṣooṣù kò ní gòkè. Yóò gòkè. Ọdún lórí ajá, owó dókítà àti owó tí ẹ bá ti gbà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Òfin tó wọlé ní January 2022, tó ní oníbàárà àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ san ju oníbàárà tuntun lọ, ti ilé àti ti mọ́tò nìkan ló kàn. Kò kan ti ẹran ilé. Bí £45 lóṣù bá ti ń le fún yín báyìí tí ajá jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 8, ẹ mú èyí tó rọjú díẹ̀ tí ẹ ó lè gbé títí ajá yóò fi pé ọmọ ọdún 9. Bí sísan bá já lágbedeméjì, ìwé náà kú, gbogbo àìsàn tó ti ní á sì di àtẹ̀yìnwá.

Ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀

Ọmọ ajá kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8, ó sì gbọ́dọ̀ ti ní microchip, ohun ìdánimọ̀ kékeré abẹ́ awọ, lára. Ní England, láti April 2020, ọwọ́ ẹni tó sin ín gan-an ni kí ẹ ti rà á, níbi tí wọ́n bí i sí, kí ẹ sì rí ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ajá oníwèé ìran máa ń fi inṣọ́ránsì ọ̀fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lé ọmọ ajá lọ́wọ́. Kì í dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè ní ọjọ́ tí ẹ gbé ajá bóyá ẹni tó tà á ti tan án tàbí ẹ̀yin lẹ ó tan án, kí ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó wọ mọ́tò. Àǹfààní ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé kò máa ń ní ọjọ́ ìdúródè, ìyẹn àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ kò tíì ní san nǹkan kan.

Ìwé tí ẹ bá fúnra yín rà ni ó ń ní i: ọjọ́ 14 fún àìsàn lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ọjọ́ díẹ̀ fún jàǹbá. Ohun tó bá hàn láàárín ọjọ́ 14 yẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ìṣirò rẹ̀ lọ báyìí: bí ẹ bá gbé ajá ní 1 March tí ọ̀fẹ́ náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún, 5 April ni yóò parí. Ẹ yọ ọjọ́ 14 kúrò, ó di 22 March. Kí ìwé tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 20 March, kí ẹ ní ọjọ́ méjì lọ́wọ́. Ẹ ka ìwé ọ̀fẹ́ náà kí ẹ mọ̀ bóyá ó gbà kí ìwé méjì rìn pọ̀ fún sáà yẹn. Bí kò bá gbà á, àtẹ̀síwájú lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà láìsí àlàfo ló kù, wọ́n sì sábà máa ń fo ọjọ́ ìdúródè fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀fẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe fún yín ni pé kó mú yín gba ètò tí kò tọ́ nítorí pé òun lẹ bá nílẹ̀.

Bí kò bá sí ọ̀fẹ́, ẹ ra ìwé kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ajá bá wọlé, kí ẹ tó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Dókítà yóò fọwọ́ pa ajá láti orí dé ìrù ní ọjọ́ yẹn, yóò sì kọ ohun tó bá rí: ọkàn tó ń dún lódì, ìdodo tó yọ, orúnkún tó ń yẹ̀, kórópọ̀n tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó bá ti wà lára ajá kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn, ẹ má sì ronú láti fi pamọ́, nítorí ìwé dókítà yóò tú àṣírí. Ọ̀nà yín níbẹ̀ ni ẹni tó ta ajá. Bó bá jẹ́ oníṣòwò ajá ni, òfin Consumer Rights Act ti 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ajá tó ní àbùkù padà kí ẹ sì gba gbogbo owó yín. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ìwé fún yín kíákíá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ra inṣọ́ránsì, ọjọ́ 14 wà tí ẹ lè fi yí ọkàn padà. Ẹ lò ó fi ka ìwé àdéhùn tó gùn. Ìwé kékeré olójú ewé méjì tí wọ́n ń pè ní IPID dára fún fífi ilé iṣẹ́ méjì wéra, àmọ́ ibi tí ejò wà kì í hàn níbẹ̀.

Owó tí ẹ ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀

Excess ni owó tí alájá máa fi sílẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í san. Nínú lifetime, ẹ ó san án fún àìsàn kọ̀ọ̀kan, lọ́dọọdún. Nítorí náà, ajá tó ní àìsàn mẹ́ta tí kò lọ, tí excess rẹ̀ sì jẹ́ £150, £450 ni yóò máa gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún yàtọ̀ sí owó oṣooṣù.

Ọ̀kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní co-payment: ẹ ó san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó sábà jẹ́ 10 tàbí 20, lórí gbogbo owó. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ìgbà tí ajá bá pé ọmọ ọdún 8 tàbí 9 ló ń bẹ̀rẹ̀, fún irú ajá mìíràn ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni àìsàn ń pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó iṣẹ́ abẹ orúnkún jẹ́ £4,000, excess £150, ìdá tiyín 20. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ́kọ́ yọ excess, ó ku £3,850. Ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ £770. Ẹ ó san £920. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣírò ìdá 20 lórí £4,000, £800 ni, ẹ fi £150 kún un, ó di £950. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń lò, kí ẹ sì béèrè ọdún tó ń bẹ̀rẹ̀ fún irú ajá tiyín gan-an.

Gbígbé excess sókè láti £100 sí £250 máa ń fa owó oṣooṣù wálẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ní owó lápò tó kàn ń bẹ̀rù àrá. Fún ajá tó ń kán tótó, ẹ̀yin lẹ ń ṣe ara yín, nítorí owó kékeré tí ẹ fẹ́ gbà kò ní kọjá excess.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ̀ láti san

Ìwé dókítà ni ilé iṣẹ́ ń kà, kì í ṣe ẹnu yín. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá béèrè owó, wọn yóò gba gbogbo ìtàn ajá náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bí ẹ bá ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé “ó máa ń họ ara díẹ̀,” tí òun sì kọ ọ́ ní ọjọ́ kejì ìdúródè, àmì àìsàn ti wà lákọsílẹ̀. Ẹ má parọ́ fún dókítà. Ohun tó yẹ ni kí ẹ sọ̀rọ̀ pàtó. “Ó họ etí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan lánàá lẹ́yìn ìwẹ̀” yàtọ̀ sí “ó ń họ ara”. Ẹ lè béèrè ẹ̀dà ìwé náà lọ́dọọdún, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún àṣìṣe ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tútù.

Ohun tó jẹ́ méjì lára ajá, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kà á sí ọ̀kan: orúnkún, ìbàdí, ìgbọ̀nwọ́, etí, ojú. Bí iṣan orúnkún òsì bá já kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀, ti ọ̀tún tó já lọ́dún méjì lẹ́yìn náà ti wọnú ẹ̀ṣẹ̀ òsì. Ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí Labrador gan-an, nítorí ajá tó ń gbé ara lé ẹsẹ̀ kan ń fìyà jẹ èkejì ni.

Àwọn ohun tí wọn kì í san: abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn eégbọn àti aràn, títẹ̀ lọ́dàá, oyún àti ìbí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ̀ láti gba àjẹsára, tí ajá wá kó àrùn parvo tí àjẹsára ń dènà, wọn kò ní san owó parvo náà. Eyín ń fa ìjà púpọ̀: àwọn kan ń san ti jàǹbá nìkan, àwọn tó ń san ti àìsàn sì máa ń fẹ́ rí i pé dókítà wo eyín náà lọ́dọọdún, pé ẹ sì ṣe ohun tó ní kí ẹ ṣe. Àyẹ̀wò ọdún kan tí ẹ fò lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Òfin 2012 tó dá lórí òótọ́ sísọ nínú inṣọ́ránsì ní kí oníbàárà ṣọ́ra kó má ṣi ilé iṣẹ́ lọ́nà. Irú ajá, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àdírẹ́sì tó ń gbé àti iye tí ẹ rà á gbọ́dọ̀ tọ́. Ẹni tó ń gbé ní London tó lo postcode àbúrò rẹ̀ ní Hull kó lè san owó kékeré ń ra wàhálà ni. Ẹ tọ́jú rìsíìtì tí ẹ fi ra ajá. Bí àìsàn bá pa á ní kékeré, òun ni wọn yóò fi ṣírò iye tí wọ́n máa dá padà, bí ètò yín bá ní apá yẹn.

Tí ajá bá ṣe ẹlòmíràn léṣe

Ajá tó já okùn, tó sáré wọ ojú títì, tí oníkẹ̀kẹ́ sì yà fún un títí tó fi kán lápá, lè sọ alájá di ajigbèsè. Third-party liability ni apá tó ń bo èyí. Kì í sí nínú àwọn ètò tó pọ́ọ́kú. £1 mílíọ̀nù ni kó kéré jù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Dogs Trust, àjọ aláàánú tó ń tọ́jú ajá, ń rí irú rẹ̀ tó tó £1 mílíọ̀nù gbà nípasẹ̀ owó ẹgbẹ́ wọn, nítorí náà bí ètò tó tọ́ lórí owó dókítà kò bá ní i, ẹ má torí ẹ̀ fi ètò náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ yín tàbí ìyá yín tó wá kí yín láti ilé ni ajá bù jẹ, apá yìí kì í sábà sanwó fún ará ilé.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé

Inṣọ́ránsì yìí kì í tẹ̀ lé ajá dé Nàìjíríà. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ló sábà wà nínú ìwé. Àti pé kí ajá tó lè padà wọ Ìlú Ọba láti Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ó kéré tán ọjọ́ 30 lẹ́yìn rẹ̀, kó sì tún dúró oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ṣe gbogbo èyí ṣáájú ìrìn, Kérésìmesì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò gbà á. Ajá yóò dúró sẹ́yìn.

Owó ilé ìtọ́jú ajá tó wà nínú ìwé, ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá wà ní ọsibítù ló wà fún, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá lọ jẹ ìnáwó. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó wọ bàálù ni kí ẹ sọ orúkọ ẹni tí ajá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún dókítà àti fún ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì, kí ó lè fọwọ́ sí ìtọ́jú, kí wọ́n sì lè bá a sọ̀rọ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìdádúró wákàtí mẹ́fà láti bá yín sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lè ná ajá ní ẹ̀mí rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ ń wá owó tó dín

Àwọn ìkànnì tó ń fi iye owó wéra máa ń to èyí tó kéré jù sókè, ìyẹn sì sábà jẹ́ accident only tàbí time limited. Ẹ yan lifetime kí ẹ tó wo iye kankan, ẹ fi excess kan náà sí gbogbo wọn, kí ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló wà lórí ìkànnì. Iye tí ẹ rí ti ní owó orí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún nínú. Ẹ wo orúkọ wọn nínú ìwé àkọsílẹ̀ FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ owó. Lẹ́yìn èyí, ẹ pe méjì tàbí mẹ́ta tó kù lórí fóònù, kí ẹ bi wọ́n pé:

- Ṣé gbèdéke owó kékeré kankan wà lórí MRI, iṣan orúnkún tàbí BOAS?
- Ṣé ẹ máa ń san tààrà fún dókítà, àbí èmi ni máa kọ́kọ́ san?
- Ṣé ilé ìwòsàn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan pàtó ni mo gbọ́dọ̀ lọ, èló sì ni ìtanràn rẹ̀ bí mo bá lọ ibòmíràn?
- Bí ajá bá lo ọdún méjì láìní àmì àìsàn kan mọ́, ṣé ẹ máa ń yọ ọ́ kúrò nínú àtẹ̀yìnwá?

Ìbéèrè kejì yẹn wúwo ju bó ṣe rí lọ. Ẹni tó ní inṣọ́ránsì £10,000 ṣùgbọ́n tí kò ní £4,000 láti kọ́kọ́ san lálẹ́ ọjọ́ náà ṣì lè há. Ẹ bi dókítà tó súnmọ́ yín bóyá òun náà máa ń gba owó tààrà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ yàn. Lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan wọ́n ń gbà, lọ́wọ́ òmíràn wọn kì í gbà.

Àwọn kan ní àwọn yóò kúkú máa fi £45 náà pamọ́ lóṣooṣù. £540 lọ́dún nìyẹn. Ó bójú mu fún ẹni tó ti ní £6,000 nílẹ̀ kí ajá tó wọlé. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, tí Dachshund rẹ̀ kú lẹ́sẹ̀ ní ìparí ọdún kẹta, £1,620 ni yóò bá nínú àpótí.

Gbígba owó

Kí iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì tó wáyé, ẹ ní kí dókítà kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ fún ìfọwọ́sí ṣáájú. Ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láàárín gbèdéke tó wà nínú ìwé yín, pẹ̀lú ìwé owó tó to ohun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó kàn kọ “ìtọ́jú, £1,300” yóò padà wá bá yín.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má jà lórí fóònù. Ẹ béèrè ìlà tí wọ́n dúró lé nínú àdéhùn, ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ gbé e tọ dókítà yín lọ, kí ó kọ ọ́ bóyá àmì àtijọ́ tí wọ́n ń tọ́ka sí jẹ́ ti àìsàn yìí lóòótọ́. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti yí ọ̀pọ̀ ìpinnu padà. Ẹ wá fi ẹ̀sùn sùn wọ́n pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà “complaint” lórí lẹ́tà yín. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 8 láti fún yín ní èsì ìkẹyìn. Bí èsì náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí tí ọ̀sẹ̀ 8 kọjá láìsí èsì, ẹ gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń dá ẹjọ́ láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ owó. Ọ̀fẹ́ ni. Láti ọjọ́ tó wà lórí èsì ìkẹyìn, oṣù mẹ́fà péré lẹ ní.